Kí Ló Dé Tí Wọn Kò Dá Púmà Náà Padà Sínú Igbó?

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí àwọn ọmọ wà lọ́lidé, a kó wọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù aṣálẹ̀ tó wà lẹ́bàá Tucson. A bá púmà kan, ìyẹn ológbò igbó ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó sùn gbalaja sórí àpáta, gíláàsì nìkan ló wà láàárín àwa àti òun. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọmọ òrukàn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá bi mí pé: bí wọ́n bá ti gbà á sílẹ̀, kí ló dé tí wọn kò dá a padà sílé rẹ̀? Èmi náà ò mọ èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé ni wọ́n ṣe fún ẹranko yìí, àbí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kùn lọ́dà?"

Ọmọ yín bi ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í rántí bi. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀: ìdí tí púmà náà kò fi padà sígbó, àti irú ibi tí wọ́n fi í sí. Bí ẹranko bá lè padà, tí wọ́n wá lọ kọ́ ààfin fún un, ẹ̀wọ̀n náà ni, kò sí àwáwí. Ṣùgbọ́n tí kò bá lè padà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ di ti ààfin náà fúnra rẹ̀, torí inú rẹ̀ ni yóò ti lo nǹkan bí ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ mùsíọ́ọ̀mù kúrò lọ́nà, torí létí ọ̀pọ̀ wa, ibi tí wọ́n ń kó ère, ìlẹ̀kẹ̀ àti egungun àtijọ́ sí ni. Èyí tí ẹ lọ, Arizona-Sonora Desert Museum, ọdún 1952 ni William Carr àti Arthur Pack dá a sílẹ̀, ìta gbangba ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ewéko, òkúta àti ẹranko agbègbè aṣálẹ̀ Sonora ni wọ́n ń fi hàn. Ẹ ò ní bá kìnnìún Áfíríkà níbẹ̀. (Ọdún 1952 yẹn náà ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù ti Jos, òun náà sì ní ọgbà ẹranko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a kò rí rí.) Irú ibi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní àyè fún púmà kan tàbí méjì péré. Títí tí èyí tó wà níbẹ̀ á fi darúgbó, kò sáyè fún òmíràn, ọmọ òrukàn mélòó ì báà wà níta.

Kí ló dé tí kò fi padà? Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ púmà máa ń ní àmì tótòtó lára àti ojú aláwọ̀ búlúù nígbà tó bá wà lọ́mọdé, ó sì máa ń tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, nígbà mìíràn ọdún méjì, kó tó kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń kọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn: bí wọ́n ṣe ń lúgọ de àgbọ̀nrín, ibi tí wọ́n ti ń gbá a mú lọ́rùn kó má baà fi ìwo gúnni, bí wọ́n ṣe ń wọ́ ewé bo ẹran tó bá ṣẹ́ kù, bí wọ́n ṣe ń yẹra fún akọ púmà tó lè pa ọmọ jẹ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní oṣù méjì kò tíì kó nǹkan kan, kò sì sí èèyàn tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Ohun tí èèyàn máa ń kọ́ ọ láìfura ni pé ọwọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni oúnjẹ ti ń wá. Púmà tó bá ti mọ ìyẹn, lọ́jọ́ tí ebi bá pa á, ẹ̀yìnkùlé onílé ni yóò gbà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti yìnbọn fún un.

Ti bobcat yàtọ̀, ìyẹn ológbò igbó onírù kúkúrú tí ẹ ó ti rí nínú mùsíọ́ọ̀mù kan náà. Kílò 5 sí 15 ló sábà máa ń wọ̀n, ehoro àti eku ló ń pa jẹ, ó sì rọrùn láti kọ́ ọ ní ìyẹn nínú àgọ́. Bí ọmọ bobcat bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́ ní kékeré, wọ́n lè fi í sọ́dọ̀ àgbà bobcat tí kò lè padà sígbó mọ́, kí ìyẹn máa bá a wí bí ìyá. Olùtọ́jú á bo ojú nígbà tó bá ń gbé oúnjẹ wọlé, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní fọwọ́ pa á lára. Tó bá di bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tó ti ń pa ohun tó ń jẹ, wọ́n á tú u sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bobcat nínú mùsíọ́ọ̀mù, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ọmọ yín ti mú jù. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan pàtó ti bàjẹ́: ojú fọ́, ẹsẹ̀ kán tó sì jinná ní wíwọ́, ẹnì kan ti yọ èékánná rẹ̀ kó lè fi sìn nínú pálọ̀, tàbí ó ti mọ èèyàn jù. Ẹ béèrè èwo ni nínú wọn. Ibi tó bá ń ṣe òótọ́ á dárúkọ ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí egbò bá ti san, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní 2020, iná igbó tí wọ́n ń pè ní Zogg jó ọmọ púmà kan ní àríwá California, ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jó bọ́, irun ẹnu rẹ̀ jó tán. Ọgbà ẹranko Oakland tọ́jú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ náà fi jinná, wọ́n sì sọ ọ́ ní Captain Cal. Ẹsẹ̀ jinná, ìyá kò sí. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ọmọ púmà òrukàn méjì mìíràn, wọ́n sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọgbà ẹranko Columbus ní Ohio. Iṣẹ́ dókítà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́ tó lè dípò ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìyá.

Ọ̀rọ̀ "gbà sílẹ̀" fúnra rẹ̀ náà ń tanni jẹ nígbà mìíràn. Ìyá lè fi ọmọ pamọ́ sábẹ́ òkúta kó lọ ṣọdẹ fún odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó ń kọjá á rí ọmọ tó dá wà, àánú á ṣe é, á gbé e sínú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọmọ abíyá di òrukàn. Ohun tó yẹ ni kéèyàn kúrò níbẹ̀, kó fi fóònù sàmì sí ibẹ̀, kó sì pe àwọn aláṣẹ ẹranko igbó, kí wọ́n ṣọ́ ọ bóyá ìyá á padà. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún àgbẹ̀ nílé tó bá ń ṣán oko tó kan ọmọ ológbò igbó nínú ihò: kó fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ìyá á kó wọn lọ síbòmíràn fúnra rẹ̀.

Ká ní ó ti dé ọwọ́ olùtọ́jú, kò sì sí ìyá. Ebi ni gbogbo èèyàn máa ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n sáré fún ọmọ tí ara rẹ̀ tutù ló ń pani ní ọjọ́ kìíní. Ikùn tó tutù kì í da wàrà. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dá omi ara rẹ̀ padà, lẹ́yìn ìyẹn ni wàrà ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò ilé tó kàn, torí wàrà màlúù á mú un ya ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tí yóò mu lójúmọ́ jẹ́ ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, wọ́n á pín in sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 5 lọ. Àyà ni yóò dà délẹ̀ nígbà tó bá ń mu ún. Ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọmọ èèyàn, inú ẹ̀dọ̀fóró ni wàrà náà máa gbà lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n á fi yà á sọ́tọ̀ kó tó sún mọ́ ẹranko mìíràn, wọ́n á yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní àjẹsára tí wọ́n fi kòkòrò òkú ṣe. Àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, bí wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di aláìlágbára fún ológbò ilé, lè di àìsàn gidi fún ológbò igbó.

Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹran ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù máa ń wọlé, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ẹranko gan-an ló sì máa ń ṣe é. Á ra ẹran màlúù tó mọ́ tónítóní, kò sí egungun, kò sí ọ̀rá, á máa fún un jẹ. Nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀, phosphorus fi nǹkan bí ìlọ́po 15 sí 20 ju calcium lọ. Ara ọmọ tó ń dàgbà á wá máa yọ calcium láti inú egungun ara rẹ̀ láti fi dí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ń tiro, kò fẹ́ fò mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Bí wọ́n bá yà á ní ẹ̀rọ X-ray, egungun náà hàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òjìji, ó ti kán níbi méjì mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó lù ú. Odindi ehoro tàbí eku, tòun ti egungun àti ìfun, ló ń yanjú rẹ̀. Bí ẹran lásán bá wà lọ́wọ́, gíráàmù 5 sí 10 ìyẹ̀fun calcium carbonate lórí kílò ẹran kan ni. Ọkàn ẹran náà gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni taurine, èròjà kan tí ara ológbò nílò, pọ̀ sí. Ológbò tí kò bá rí i tó, ojú rẹ̀ á kú, ọkàn rẹ̀ á sì fẹ̀. Àgbà púmà á jẹ bíi kílò kan ààbọ̀ sí méjì lójúmọ́, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú sì máa ń fi ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún egungun ńlá nìkan, kí eyín lè mọ́. Adìẹ tútù ti di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ra fún báyìí. Ní ìparí 2024, ibùdó kan ní ìpínlẹ̀ Washington pàdánù ológbò igbó 20 sọ́wọ́ àrùn lukulúkù àwọn ẹyẹ (bird flu). Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ sè é, egungun adìẹ tó jinná á máa fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, á gún ọ̀fun.

Ní ti ilé náà, ohun tí ẹ rí lẹ́yìn gíláàsì yẹn ni ìloro. Ẹ̀yìn ni ilé gan-an wà: yàrá tí wọ́n ń sùn sí, ó kéré tán méjì fún ẹranko kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè wà fún ìgbà tí wọ́n bá ń fọ èkejì. Ilẹ̀kùn irin àfàsókè ló wà láàárín yàrá àti ìta, okùn wáyà tó gba inú ògiri jáde ni wọ́n sì ń fi fà á, kí olùtọ́jú má baà sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká wo òwúrọ̀ kan. Olùtọ́jú dé iwájú ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó wọlé, ó tì í pa lẹ́yìn ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìkejì. Ó yọjú láti ojú fèrèsé, ó ka àwọn púmà: ọ̀kan, méjì. Ó gbé ẹran sínú yàrá, àwọn méjèèjì wọlé, ó tú okùn, ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀. Ó ti àgádágodo kìíní, ó ti ìkejì, ó fa méjèèjì wò. Ó tún padà lọ kà wọ́n: ọ̀kan, méjì. Ìgbà yẹn nìkan ni yóò wọ ìta lọ kó ìgbẹ́. Bó bá ka ọ̀kan, kò ní wọlé, kódà bó bá dá a lójú pé èkejì wà nínú yàrá. Ẹni tó bá rántí kìnnìún tó pa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọgbà ẹranko yunifásítì Ifẹ̀ ní oṣù kejì 2024, tí ìròyìn sọ pé ilẹ̀kùn tí wọn kò tì ló fà á, kò ní pe kíkà ẹ̀ẹ̀mejì yìí ní àṣejù. Inú ìbẹ̀rù kọ́ ni irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Inú ọdún mẹ́wàá tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ni.

Púmà lè fò sókè tó mítà 4 ààbọ̀ láìsáré. Ìdí nìyẹn tí òrùlé àwọ̀n irin fi dára ju ògiri gíga lọ, tí wọ́n sì máa ń ri àwọ̀n tàbí kọnkéré mọ́lẹ̀ sábẹ́ ọgbà kí wọ́n má baà gbẹ́ ilẹ̀ jáde. Àpáta tí púmà yín sùn lé lórí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kọnkéré. Àpáta àtọwọ́dá wà lára ohun tí mùsíọ́ọ̀mù yẹn fi lókìkí. Wọ́n á fi irin rọ́ọ̀dù àti wáyà ṣe egungun rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́n kọnkéré lé e, wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ àpáta gidi fún un ní àwòrán, kí wọ́n tó kùn ún. Bí kọnkéré bá fẹ́lẹ́ jù níbì kan, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, àpáta á sì sán. Bí wọn kò bá ṣe ọ̀nà omi, ẹ̀fọn á yé síbẹ̀. Bí òkúta kan bá yọrí jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n ti ṣe àkàbà fún ẹranko láìmọ̀. Oòrùn Tucson tó ń kọjá 40°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á sì mú ojú àpáta gbóná kọjá ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ lè fara dà, nítorí náà òjìji gbọdọ̀ wà ní gbogbo wákàtí ọ̀sán, kì í ṣe ní òwúrọ̀ nìkan. Àwọn ọ̀mọ̀lé kan máa ń gba ọ̀pá omi tútù tàbí wáyà tó ń móoru kọjá nínú àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Ẹ má bínú o, ìyẹn ló sábà máa ń gbé púmà wá sùn síwájú àlejò. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn yín.

Síbẹ̀, kò sí àpáta tó lè dípò ilẹ̀. Akọ púmà kan lè máa rìn yí ká ju 250 kìlómítà níbùú lóròó lọ nínú igbó, mùsíọ́ọ̀mù ò sì ní ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan níbùú lóròó lọ. Ìwádìí àwọn onímọ̀ nípa ìṣe ẹranko méjì, Ros Clubb àti Georgia Mason, tó jáde ní 2003 fi hàn pé bí agbègbè tí ẹranko ajẹran kan ń rìn nínú igbó bá ṣe tóbi tó ni ìrìn lílọ-bọ̀ rẹ̀ nínú àgọ́, ìyẹn kó máa rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan náà ṣáá, ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tí olùtọ́jú lè ṣe ni kó gba ọkàn rẹ̀: kó fi ẹran pamọ́ síbi tó yàtọ̀ lójoojúmọ́, kó yí wákàtí oúnjẹ padà, kó fi òórùn awọ àgbọ̀nrín tàbí tùràrí pa ara igi, kó yí òkú igi padà lóṣooṣù. Ẹ̀kọ́ náà wà nínú rẹ̀: wọ́n á fún fèrè kékeré, púmà á fi èjìká ti àwọ̀n, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, á gba ẹ̀là ẹran rẹ̀, á sì lọ. Ẹranko tó mọ ìyẹn kò nílò ìbọn oorun nígbà gbogbo, ohun tó sì ṣe pàtàkì gan-an ni, torí kíndìnrín ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá àgbà ológbò dúró, oògùn oorun kì í ṣe ọ̀rẹ́ kíndìnrín. Gbogbo èyí ń dín ìrìn lílọ-bọ̀ kù. Kì í mú un kúrò tán.

Kí wá ni ọ̀nà yòókù? Títú u sílẹ̀ láìkọ́ṣẹ́ ni kí ebi tàbí ìbọn pa á. Fífi í sọ́dọ̀ aládàáni kò sí lábẹ́ òfin mọ́ láti December 2022 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó ka níní púmà, kìnnìún, ẹkùn, jaguar àti irú wọn nílé léèwọ̀. Àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀ ní láti fi orúkọ sílẹ̀. Ibùdó ìtọ́jú tí àlejò kì í wọ̀ ní àyè tó gbòòrò nígbà mìíràn àti ariwo tó kéré, ṣùgbọ́n owó ọrẹ ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn ró, ibùdó tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹranko pé ọdún mẹ́jọ ti di ìṣòro tuntun. Mùsíọ́ọ̀mù ní dókítà, firísà àti owó ìwọlé, ó sì ní èrò lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Ọ̀nà kẹrin ni oògùn ìparí, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí dókítà fi ń pa ẹranko láìjẹ́ kó jìyà, wọ́n sì máa ń lò ó nígbà tí kò bá sáyè níbì kankan. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé gbogbo òrukàn ló ń rílé, kò sọ tán. Láàárín àwọn wọ̀nyí, mùsíọ́ọ̀mù tó mọṣẹ́ ni n ó yàn fún ọmọ púmà tó dé láìní ìyá ní oṣù méjì. Fún àgbà púmà tó gbọgbẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún nínú igbó, n ò ní yàn án: irú ìyẹn kì í bá gíláàsì àti ariwo ọmọdé mọ́ra, ibùdó tó pa rọ́rọ́ ló yẹ ẹ́, kódà nígbà mìíràn oògùn ìparí ló ṣàánú rẹ̀ jù.

Bí ẹ bá tún lọ, ẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, torí púmà kì í ṣe nǹkan kan lọ́sàn-án ju oorun lọ. Kí ọmọ yín wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà: bí ipa ẹsẹ̀ kan bá ti jẹ ilẹ̀ wọlé ní ìlà gbọọrọ, ẹranko náà ń rìn lọ-bọ̀, kó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Kó wò ó bóyá ibi kan wà tó lè wọ̀ tí ojú àlejò kò ní tó o, bóyá ó sì ní ibi gíga tó lè gùn láti máa wo àwọn èèyàn nísàlẹ̀. Kó béèrè ọdún tó dé, ibi tí wọ́n ti rí i, àti ọmọ oṣù mélòó ni nígbà náà. Èsì ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni èsì sí ohun tó bi yín.